Mo Pààrọ̀ Ewéko Tí Ìyá Mi Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Wú

Ẹ má bá mi wá àwáwí kankan. Èmi Drieka Swartbooi ni mo ṣe é, orí mi pé, ọwọ́ mi ò sì gbọ̀n. Bí ẹ bá ka ọ̀rọ̀ yìí tán tí ẹ fẹ́ bú mi, ẹ bú mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dárúkọ ẹni tó fi ìjà lọ̀ mí.

Leonie Basson ni. Ọ̀rẹ́ mi ni, ọ̀rẹ́ ọdún mẹ́sàn-án. Ilé kan náà la ti ń ṣiṣẹ́ nílùú, ilé tí wọ́n ń tọ́jú ewé gbígbẹ sí fún àwọn onímọ̀. Òun ni onímọ̀. Èmi ni mò ń tẹ ewé pẹrẹsẹ sáàárín bébà, tí mò ń jẹ́ kó gbẹ, tí mo sì ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an mọ́ páálí. Leonie a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé èmi ni mò ń ṣiṣẹ́, òun lòun ń gba orúkọ, àwa méjèèjì á sì rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé kì í ṣe yẹ̀yẹ́.

Josina ni ìyá mi ń jẹ́, ewúrẹ́ ló sì ń sìn láti kékeré. Orí àwọn òkè gbígbẹ tó wà lókè odò Gariep làwọn ewúrẹ́ rẹ̀ ti ń jẹ̀ nígbà òtútù, níbi tó jẹ́ pé ìkùukùu inú òkun ló ń fún ilẹ̀ lómi ju òjò lọ. Òkè kan wà níbẹ̀ tí òkúta wẹ́wẹ́ funfun bò lórí bí ẹni da iyọ̀ sí i. Láàárín òkúta yẹn ni ewéko kékeré kan ń hù. Ó funfun, ó sanra, omi ló kún inú rẹ̀, méjì méjì ló sì ń yọ lórí ilẹ̀. Ìyá mi ń pè é ní eyín ọmọ ọwọ́. N ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ nígbà tó fi hàn mí, ó sì kìlọ̀ fún mi pé ọjọ́ tí mo bá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ni òun máa mọ̀ pé òun ò bímọ gidi.

Èmi ni mo mú Leonie lọ síbẹ̀. Ìsinmi ráńpẹ́ la gbà, mo ní kó wá jẹ oúnjẹ ìyá mi, ó jẹ ẹran ewúrẹ́ àti búrẹ́dì orí ẹ̀yinná, ó mu tíì, lẹ́yìn náà ni mo ní kí Màmá fi òkè náà hàn án.

Nígbà tí Leonie rí ewéko yẹn, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí òkúta, kò sì dìde fún bíi wákàtí kan. Ó ṣàlàyé pé irú rẹ̀ kan wà tó wọ́pọ̀, èyí tó ń hù létí odò, tí àwọn oníṣòwò ń gbìn tà, ṣùgbọ́n òdòdó tìyẹn pupa bí ìyeyè, ọ̀sán gangan ló sì ń ṣí. Tòkè yìí, funfun ni òdòdó rẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ló ń ṣí, ó sì ń ta sánsán bí oyin. Ó ní kò sí nínú ìwé kankan láyé. Ó ní tuntun ni.

"Tuntun fún ta ni?" ni ìyá mi bi í. "Ìyá ìyá mi mọ̀ ọ́n."

Leonie rẹ́rìn-ín, ó di ìyá mi lọ́wọ́ mú. "Màmá, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé orúkọ yín la máa fi sọ ọ́. Josina. Títí ayé, ẹni tó bá dárúkọ ewéko yìí, orúkọ yín ló dá."

Ìyá mi ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ìyá mi fa ọ̀bẹ yọ, ó wú ẹyọ kan pẹ̀lú òdòdó lórí, ó gbé e lé Leonie lọ́wọ́, ó sì sọ fún un pé òun ò fún ẹlòmíì rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ewéko, orúkọ kì í rìn káàkiri. Ewé gbígbẹ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń yàn, tí wọ́n á tọ́jú sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ìyẹn ni ẹ̀rí. Ohunkóhun tí ìwé ìbáà sọ, ewéko tí ẹ̀rí náà bá jẹ́ ló ni orúkọ náà. Eyín ọmọ ọwọ́ tí ìyá mi wú ni Leonie fi ṣe ẹ̀rí.

Ìyá mi ò lè pa ọ̀rọ̀ mọ́ra. Kó tó di ọjọ́ ìsinmi, gbogbo abúlé ti gbọ́, pásítọ̀ sì ti fi í sínú àdúrà ìdúpẹ́. Màmá ò mọ̀wé. Ó ní kí n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń kọ Josina, kí òun lè dá a mọ̀ lọ́jọ́ tí ìwé bá jáde. Iyẹ̀pẹ̀ ẹnu ọ̀nà ló ń fi igi kọ ọ́ sí, àwọn ewúrẹ́ á tẹ̀ ẹ́ rẹ́, á tún un kọ.

Ó lé lọ́dún kan kí ìwé tó jáde. Orí tábìlì iṣẹ́ mi ni mo ti ṣí i. Orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Terblanche ni mo rí pé ó fi sọ ewéko náà, ìyẹn ọ̀gá Leonie, ẹni tó máa fọwọ́ sí ìgbéga rẹ̀. Mo wá Josina láti òkè dé ìsàlẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń dúpẹ́, lẹ́yìn awakọ̀ àti ẹni tó ya àwòrán, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ darandaran kan ládùúgbò náà.

Mo gbé ìwé náà tọ̀ ọ́ lọ. Mo ní, "Leonie, orúkọ ìyá mi dà?"

Kò gbójú sókè. "Drieka, jọ̀ọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n ló ní òun fẹ́ ẹ. Ṣé kí n wá sọ pé rárá? Màmá ò sáà mọ̀wé, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?"

"Wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́."

"Ìyẹn náà dáa. Tí a bá ti tún rí òmíì, tiwọn la máa fi sọ ọ́."

Ọ̀rẹ́ ọdún mẹ́sàn-án! Bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀ ṣúìtì ló ṣe sọ ọ́. Mo ká ìwé náà, mo sì jáde.

Nígbà tí mo délé, ìyá mi gba ìwé náà, ó fi ìka tọ ìlà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Èwo ni J níbẹ̀?" ló ń bi mí. Mo sọ òótọ́ fún un. Ó pa ìwé náà dé, ó ní kò burú, ó lọ fún wàrà ewúrẹ́.

Lọ́jọ́ ìsinmi, bí a ṣe jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá Gert Domroch tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ re ti dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ìyá Drieka, ẹ kú oríire orúkọ o. Wọ́n ní ẹ ti di ọkùnrin, pé Terblanche lẹ ń jẹ́ báyìí." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ìyá mi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn, ìjókòó ẹ̀yìn ló ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá tó jẹ́ pé iwájú ló wà láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ìgbà yẹn ni mo bá Leonie Basson dá májẹ̀mú nínú ọkàn mi pé á sunkún, èmi ni n ó sì pa á lẹ́kún.

Kò pẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló gbé ọrùn wá. Gọ́ọ̀mù ló fi lẹ ẹ̀rí yẹn mọ́ páálí, gọ́ọ̀mù náà sì ń ṣí. Ó gbé e wá bá mi, ó ní, "Drieka, bá mi fi òwú rán an. Ìwọ lọwọ́ ẹ dáa."

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wà lórí tábìlì mi. Lọ́jọ́ kìíní, mo fi aṣọ bò ó kí n má baà máa rí i. Lọ́jọ́ kejì, mo ṣí àpótí tí mo ń kó ewé sí kó lè gbẹ, torí mo mọ̀ pé ti etí odò kan wà níbẹ̀ tí kò tíì ní nọ́ńbà nínú ìwé àkọsílẹ̀ wa. Mo gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Tí wọ́n bá ti gbẹ, bí èèpo àlùbọ́sà ni wọ́n ń rí, òdòdó wọn á ti rún, àwọ̀ rẹ̀ á ti di ti tábà. Àfi kéèyàn rẹ ẹ́ sómi gbígbóná kó tó lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ẹ̀rí ọkàn mi ń sọ fún mi pé kí n fi í sílẹ̀. Mo rántí "darandaran kan," ẹ̀rí ọkàn dákẹ́.

Lọ́jọ́ kẹta, mo yọ ti ìyá mi, mo fi sínú ìwé orin mi. Mo gbé ti etí odò sórí páálí náà, lábẹ́ orúkọ Leonie, lábẹ́ orúkọ Terblanche, mo sì rán an dáadáa. Ẹ ò lè gbàgbọ́ bí ara ṣe tù mí tó.

Mo jẹ́ kí oṣù mẹ́rin kọjá. Ìjọba ti fi ewéko tuntun náà sínú àwọn tí òfin ń ṣọ́, Leonie ti ń ra aṣọ fún ayẹyẹ ìgbéga. Ìgbà náà ni mo kọ lẹ́tà tí mi ò fọwọ́ sí ránṣẹ́ sí àwọn tó tẹ ìwé Leonie jáde. Mo kọ ọ́ pé: Ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ rẹ òdòdó ẹ̀rí Leonie Basson sínú omi gbígbóná, kí ẹ wo ohun tó pè ní tuntun.

Wọ́n wá, èèyàn márùn-ún. Wọ́n rẹ òdòdó náà níwájú gbogbo wa. Nígbà tó rọ̀ tó là, ẹ̀yà etí odò ni. Leonie wò ó, ojú rẹ̀ funfun bíi bébà. Ó ń sọ ọ́ lásọtúnsọ pé kì í ṣe òun, pé èyí kọ́ lòun mú wá. Wọ́n bi Ọ̀jọ̀gbọ́n Terblanche, ó ní òun ò mọ nǹkan kan sí i, pé wọ́n kàn fi orúkọ òun dá òun lọ́lá ni. Wọ́n bi èmi náà. Mo ní ohun tí wọ́n bá gbé fún mi ni mò ń rán.

Wọ́n ní kí Leonie lọ jókòó sílé. Ìgbéga wọmi. Ìwé ìròyìn gbé e pé onímọ̀ kan fi ewéko àtijọ́ ṣe tuntun. Mi ò ní purọ́ fún yín, ẹ̀yin òǹkàwé: mo ra kéèkì, èmi nìkan ni mo jẹ ẹ́ tán, mo sì sùn bí ọmọ ọwọ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ìyá mi fóònù. Ohùn rẹ̀ le bí ohùn ọmọge. Ó ní òun mú olè. Ọkùnrin méjì gbé ọkọ̀ wá sórí òkè, wọ́n ń fi irin wú eyín ọmọ ọwọ́ sínú àpò. Ó kó ajá rẹ̀ dúró síwájú ọkọ̀ wọn, ó há nọ́ńbà rẹ̀ sórí bí mo ṣe kọ́ ọ, ó fẹsẹ̀ rìn dé abúlé lọ pe ọlọ́pàá. Wọ́n bá wọn lójú ọ̀nà pẹ̀lú ohun tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún nínú àpò.

"Wọ́n á gbé mi dé kóòtù," ó ní. "Wọ́n á rí i pé darandaran kan náà ní ojú."

Orúkọ Terblanche ni òfin ń ṣọ́, orúkọ náà sì ti wà lórí ewéko etí odò nítorí ìkà ọwọ́ mi. Àgbà bọ̀, wọ́n ní ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Mo lè sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo ní kí n kọ́kọ́ wò ó ná, bóyá ẹnikẹ́ni ò ní kíyè sí i.

Agbẹjọ́rò àwọn olè kíyè sí i. Ó ti ka ìwé ìròyìn. Ó ní kí wọ́n gbé ẹ̀rí wá sí kóòtù, èmi gan-an ni wọ́n sì rán láti gbé e wá. Mo jókòó ní ìlà kejì, ìyá mi dúró níbi ìjẹ́rìí pẹ̀lú gèlè tó máa ń wé lọ́jọ́ Kérésìmesì.

"Màmá," ni agbẹjọ́rò náà wí, ohùn rẹ̀ tutù, "ṣé ewéko tí wọ́n fi orúkọ Terblanche sọ ni ẹ rí nínú àpò àwọn èèyàn wọ̀nyí?"

"Òun ni. Èmi ni mo fún wọn tí wọ́n fi sọ ọ́."

"Ẹ bá wa wo èyí. Ṣé òun nìyí?"

Ìyá mi mú awò ojú rẹ̀, ó wo òdòdó tí wọ́n ti rẹ là lórí páálí náà pẹ́. "Rárá o. Èyí kọ́ ni mo fún wọn. Ti etí odò nìyí."

Agbẹjọ́rò náà yíjú sí adájọ́. Ó ní òun ò tún ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ. Orí ohun tó wà lórí páálí ni orúkọ wà, ẹlẹ́rìí ìjọba fúnra rẹ̀ sì ti ní ti etí odò ni, èyí tí àwọn oníbàárà òun ní ìwé àṣẹ láti máa tà. Àwọn tó wà nínú àpò kò lódòdó, ta ló wá lè yà wọ́n sọ́tọ̀? Ó tún padà sọ́dọ̀ ìyá mi. "Àbí ẹ ti gbàgbé èyí tí ẹ fún wọn ni, Màmá? Ẹ ti dàgbà, kì í ṣe ẹ̀bi yín." Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi.

"Mi ò gbàgbé nǹkan kan," ni ìyá mi wí. "Ẹnì kan ló pààrọ̀ ẹ̀."

"Ta ni?"

Ìyá mi tún tẹjú mọ́ páálí. Mo rí i tó na ìka, tó fi kan òwú. Ilé ẹní, ilé tí wọ́n fi ẹní bò, là ń gbé níbi tí a ti ń da ẹran, ìdílé kọ̀ọ̀kan sì ní bó ṣe ń ta kókó òwú tó fi ń rán ẹní ilé rẹ̀. Ti ìyá mi, ìlọ́po mẹ́ta ni, á wá fi ìdí rẹ̀ pa mọ́ sábẹ́. Òun ló kọ́ mi. Mi ò mọ òmíràn ta.

Ó gbé ojú sókè, ó wá mi láàárín èrò, ó rí mi. A wo ara wa. Gbólóhùn kan ṣoṣo lẹ́nu mi ni ì bá gba òkè yẹn là. Mo dákẹ́.

"Màmá, mo ní ta ni?"

"Mi ò mọ̀," ni ìyá mi wí.

Ìyá tí kò purọ́ rí, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí Bíbélì. Adájọ́ ní kò sí ẹ̀sùn olè jíjà níbẹ̀. Ó bu owó ìtanràn díẹ̀ lé wọn pé wọ́n wọ ilẹ̀ abúlé láìgbàṣẹ, wọ́n san án lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wọn.

Nínú ọgbà kóòtù, ìyá mi ò jẹ́ kí n di òun lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Kókó ẹní mi ni mo rí lára bébà yẹn."

Mo ní, "Màmá, nítorí yín ni mo ṣe é."

"Ṣé mo rán ẹ?"

"Ó sọ yín di darandaran kan."

"Darandaran ni mí," ló dá mi lóhùn. "Ìwọ lo sọ mí di òpùrọ́." Ó wọ ọkọ̀ pásítọ̀, wọ́n gbé e lọ.

Ibi tó ń dùn mí jù rèé. Ìwé orin mi wà nílé, ewéko ìyá mi wà nínú rẹ̀. Ká ní mo gbé e lọ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọn ì bá dá orúkọ padà sí àyè rẹ̀, òfin ì bá sì tún máa ṣọ́ òkè náà. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni mo fi jókòó tì í. Kì í ṣe pé ẹ̀rù iṣẹ́ ń bà mí. Mi ò fẹ́ kí Leonie rẹ́rìn-ín ni. Mo máa ń fojú inú wò ó tó ń wọlé padà, tí wọ́n ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì máa ń pa ìwé orin náà dé.

Ooru sì ti dé. Nígbà ooru, gbogbo abúlé ló ń tú ilé ẹní rẹ̀, tí wọ́n ń kó ẹran sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí odò, ìyá mi náà sì bá wọn lọ. Kò sẹ́ni tó kù lórí òkè. Àwọn olè ò yára rárá. Ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n gbé wá lọ́tẹ̀ yìí.

Ọjọ́ ogún ni mo tó lọ jẹ́wọ́. Wọ́n gba ewéko náà, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ mi, wọ́n lé mi. Wọ́n pe Leonie padà. Wọ́n dá orúkọ padà sípò, orúkọ Terblanche. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kúkú yí i sí Josina. Wọ́n ní orúkọ tó bá ti kọ́kọ́ wọ ìwé kì í yí padà mọ́, kódà bí ewéko náà bá run.

Nígbà tí òtútù padà dé, ìyá mi ní kí wọ́n bá òun pe Leonie. Mi ò rò pé yóò wá. Ó wá. Ìyá mi kó àwa méjèèjì gun òkè. Lókè, wọ́n ti fi irin yí gbogbo òkúta funfun náà padà. Ihò ló kù, ihò kéékèèké, ihò kan ò ju ìka lọ, wọ́n lọ rẹrẹ títí dé etí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

"Ẹ wá a," ni ìyá mi wí.

A wá a. Leonie gba apá ọ̀tún, èmi gba apá òsì, a ń rá káàkiri lórí ìkúnlẹ̀ títí orúnkún wa fi bó. Leonie ń sunkún. Ohun tí mo ti ń retí láti ọdún kan àbọ̀ nìyẹn, ó sì ya èmi fúnra mi lẹ́nu pé ó ṣì dùn mọ́ mi díẹ̀. Ìyá mi jókòó sórí àpáta, ó ń wò wá. Nígbà tí oòrùn fẹ́ wọ̀, ìgbà tí òdòdó yẹn ì bá máa ṣí, kò sí òórùn kankan lórí òkè náà àfi ti iyẹ̀pẹ̀.

Ìyá mi dìde, ó gbọn ìró rẹ̀. "Orúkọ nìkan ló kù," ó ní. "Òun náà lẹ̀ ń jà sí. Ẹ pín in."

Ó yí ẹ̀yìn padà, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ bá àwọn ewúrẹ́ rẹ̀, kò sì dúró de ẹnikẹ́ni nínú wa.